Orí Mọ́kàndínlógún

Nígbà tí Àlàájì Àjíṣafẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tínú rẹ̀ dùn tó Ìbídàpọ̀. Òun ló ń ṣètò irin àti gbogbo ohun èlò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ni wọ́n ń ṣe, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbi téèyàn ti ń jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ètò yìí tó dé, ariwo ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Wẹ́dà á kígbe láti inú ṣọ́ọ̀bù pé irin ti tán, ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ á dáhùn pé irin wà, wọn á wá a títí, wọn á bá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí ẹnì kan ti fi ń gbé abọ́ oúnjẹ lé. Ìbídàpọ̀ á dúró láàrin wọn, á máa bẹ tọ̀tún, á máa bẹ tòsì, títí ara á fi tán an.

Ètò tuntun náà gba gbogbo wàhálà yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Béèyàn bá ti sọ fún un pé ẹ̀rọ báyìí-báyìí ni oníbàárà fẹ́, á tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ fúnra rẹ̀: férémù, ẹnjìnnì, bẹ́líìtì, táyà, orí. Á wo ohun tó wà nílẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, á sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta èyí tó kù. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kó máa fi ọ́dà ránṣẹ́ láìdúró de òun, torí ó kórìíra kí wọ́n máa gbé bébà wá bá òun pé kóun fọwọ́ sí i.

"Ṣebí kọ̀ǹpútà mọ̀wé jù mí lọ," ló wí. "Ẹ fi í sílẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Ohun kan ló gba àlàyé díẹ̀. Ọkùnrin tó wá láti Ìbàdàn wá kọ́ wọn ní ètò náà pe Ìbídàpọ̀ jókòó, ó ní nínú gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ, àwọn kan wà tó jẹ́ orúkọ lásán. Ó mú orí ẹ̀rọ fi ṣe àpẹẹrẹ. Àgbá irin oníhò tó ń rin gbágùúdá, bíárìn tó gbé e dúró, ìdérí, bóòtì àti nọ́ọ̀tì, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń rà, àwọn ni wọ́n ń kó sí sítọ́ọ̀. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, wọ́n di orí. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé orí ka pẹpẹ lọ́tọ̀ kó máa retí ẹni tó máa wá mú un. Kí ètò má baà máa wá orí kiri ìgboro, àmì kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i lára. Wọ́n ń pe àmì náà ní fántọ́ọ̀mù. Bí ètò bá ti rí i, á fo orí kọjá, á lọ bá bíárìn àti àgbá irin tààrà.

"Ó yé mi," ni Ìbídàpọ̀ wí. Ó sì yé e lóòótọ́. Ó fi àmì náà síwájú orí kí ọkùnrin náà tó dìde.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Ọ̀gá Solomon.

Ọ̀gá Solomon ni olórí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ̀ ni orí ẹ̀rọ ti ń jáde láti ayé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn tó ń rin gbágùúdá kúnná bíi tirẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá wá, á fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síbi ẹ̀rọ, á ní kí wọ́n fọwọ́ kan orí náà, á wá máa wò wọ́n lójú bí ẹni tó gbé àkọ́bí rẹ̀ hàn wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ya ọ́fíìsì Ìbídàpọ̀ láti wá mu omi tútù, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

"Kí lo kọ síwájú orí yìí?"

"Fántọ́ọ̀mù ni, sà. Àmì lásán ni."

Ọ̀gá Solomon mu omi rẹ̀ tán, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó fa àga, ó jókòó láìdúró kí Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ kí i tán. Ọmọ Ọ̀gá Solomon, Ayọ̀ọlá, wà ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ sì ti pè é lórí fóònù láti bi í pé kí ni fántọ́ọ̀mù.

"Ìbídàpọ̀, iwin lo kọ síwájú orí mi."

"Háà! Rárá o, sà."

"Ayọ̀ọlá kì í purọ́ fún mi. Ó ní iwin ni. Ohun tí kò sí." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, àpá iná wẹ́dà kún un. "Wo ọwọ́ mi. Ibo ni mo ti rí gbogbo èyí? Táyà tí wọ́n ń lọ rà ní Lágéré, ẹ ní ó wà. Bẹ́líìtì tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe, ẹ ní ó wà. Orí tí èmi Solomon ń fi ọwọ́ ara mi ṣe, òun nìkan ni kò sí."

"Ọ̀gá, kì í ṣe pé kò sí. Ohun tí ètò ń sọ ni pé…"

"Ṣé afẹ́fẹ́ ni mo ń fọwọ́ kàn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Pa á rẹ́."

Ọ̀gá Solomon ló mú Ìbídàpọ̀ wá sílé-iṣẹ́ náà nígbà tó ń wáṣẹ́ kiri, wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ó sì dàgbà tó láti bí i. Báwo ló ṣe fẹ́ jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó máa bá a jiyàn lórí bóyá orí rẹ̀ wà tàbí kò sí? Ó pa àmì náà rẹ́.

"Ó ti wà báyìí, sà."

Inú Ọ̀gá Solomon dùn débi pé ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ránṣẹ́ sí i. Ìbídàpọ̀ jẹ ẹ́, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá pẹ́ díẹ̀, òun á dá àmì náà padà láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá ṣí ojú ìwé náà, bọ̀ọ̀lì yẹn ló máa ń rántí, ojú á sì tì í.

Orí mìíràn tún wà nínú ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún kẹwàá, àwọn òṣìṣẹ́ dá owó jọ, wọ́n ní kí agbẹ́gilére kan tó tún ń fi amọ̀ mọ ère, Ọlátúnbọ̀sún ará Òkè-Ogbó, mọ orí Àlàájì. Ó mọ ọ́, ó sun ún, ó sì jọ Àlàájì tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó Àlàájì fi kí i. Àlàájì dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó bá gbogbo wọn ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti ń kírun, kò sì lè máa forí kanlẹ̀ kí ère òun fúnra rẹ̀ dúró kó máa wo òun. Kò fẹ́ kó dun àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n rọra gbé e lọ sí sítọ́ọ̀, kí wọ́n fi àpò bò ó. Nígbà tí Ìbídàpọ̀ ń ka gbogbo ohun tó wà ní sítọ́ọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó dé ìdí àpò yìí. Ó kọ "Orí" sílẹ̀, ẹyọ kan, láti ọ̀dọ̀ Ọlátúnbọ̀sún. Ètò bi í pé orí kan ti wà nínú àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé òun náà nìyẹn? Ebi ń pa á, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni," ó lọ jẹun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìpetumodù ní kí wọ́n ṣe ogún ẹ̀rọ fún àwọn. Ọ́dà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wọlé rí. Àlàájì pa ẹran. Ìbídàpọ̀ tẹ ogún ẹ̀rọ sínú ètò, ètò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ogún ẹ̀rọ, ogún orí. Kò sí àmì níwájú orí, nítorí náà orí jẹ́ ohun tí wọ́n ń rà. Ọ̀kan wà ní sítọ́ọ̀ lábẹ́ àpò. Ó ku mọ́kàndínlógún. Ta ló ń ta orí? Ọlátúnbọ̀sún, Òkè-Ogbó. Ó kọ̀wé sí i. Níwọ̀n ìgbà tí odidi orí sì ti ń bọ̀ láti Òkè-Ogbó, kò sídìí láti ra bíárìn tàbí àgbá irin kankan.

Ọlátúnbọ̀sún ló sọ fún Ìbídàpọ̀ lẹ́yìn náà bí ọ́dà yẹn ṣe bá òun. Ó kà á nígbà mẹ́ta lórí fóònù. Ó fèsì pé: "Ojú ta ni kí n mọ?" Ìdáhùn dé lójú ẹsẹ̀: "A ti rí ìwé yín gbà. Ẹ ṣeun fún àjọṣe rere." Ó tún kọ ọ́ pé: "Ṣé ojú Àlàájì náà ni?" "A ti rí ìwé yín gbà. Ẹ ṣeun fún àjọṣe rere." Ó ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun rò ó títí, òun sì rí i pé kò sóhun tí olówó lè fi orí ara rẹ̀ mọ́kàndínlógún ṣe ju kó gbé wọn kiri wọ́ọ̀dù-wọ́ọ̀dù lọ. Àlàájì fẹ́ dupò.

Ó sá orí náà sí ẹ̀bá títì kí wọ́n gbẹ, àwọn ọlọ́kadà rí wọn, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nílé-iṣẹ́, Ìbídàpọ̀ kàn ń rí àlejò ni. Àwọn àgbà mẹ́ta kan wá láti Modákẹ́kẹ́, wọ́n jókòó ti Àlàájì, wọ́n ń ṣàdúrà.

"Ọlọ́run á gbé yín débẹ̀," ni wọ́n wí.

"Àmín," ni Àlàájì wí. "Ibo?"

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì ò tíì fẹ́ sọ ọ́ jáde! Ọgbọ́n wà níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, Hàlímàt, sọ pé àwọn tí kì í kí òun ní ọjà tẹ́lẹ̀ ti ń bá òun gbé àpò. Ẹnì kan tilẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wá fún Àlàájì pé kó rántí rẹ̀ bó bá ti wọlé. Àlàájì pe Ìbídàpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o gbọ́ ohunkóhun? Kí ni wọ́n ní mo fẹ́ ṣe?" Ìbídàpọ̀ ní òun kò gbọ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, férémù ti tò lọ bí àga inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti kun wọ́n, wọ́n ti fi táyà sí wọn. Ọ̀gá Solomon ń nu ọwọ́ sára aṣọ.

"Ìbídàpọ̀, bíárìn dà? Àgbá irin dà?"

Ó wo kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Orí, mọ́kàndínlógún, ó wà lọ́nà. Ó rò pé gbogbo ohun tó para pọ̀ di orí ni wọ́n kó pọ̀ ní ọkọ̀ kan.

"Orí ti wà lọ́nà, sà."

"Báwo ni orí ṣe máa wà lọ́nà? Èmi ni mò ń ṣe orí."

"Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó fọkàn balẹ̀. Ìbídàpọ̀ náà fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ wọlé, Àlàájì ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọlátúnbọ̀sún jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láàrin koríko gbígbẹ, ó di nǹkan kan mú mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú aṣọ kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù ní iwájú géètì. Àlàájì ni. Ó tún gbé òmíràn. Àlàájì ni. Àwọn wẹ́dà fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde. Ó ń tò wọ́n lọ títí ó fi tò wọ́n tán, gbogbo orí náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo fi ẹ̀rín díẹ̀ sí ti apá ọ̀tún yẹn," ni Ọlátúnbọ̀sún wí, "kí ojú wọn má baà jọra jù."

Ọ̀rọ̀ náà yé Ìbídàpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì jókòó sórí táyà kan.

"Kí lèyí?" ni Ọ̀gá Solomon bi í.

"Orí ni, sà. Ó ti dé."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ Àlàájì yà wọlé. Àlàájì ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ara rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ lọ títí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tó jókòó ní ọ́fíìsì, Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: àmì, ebi tó ń pa á, orí abẹ́ àpò. Ó sì fi kún un pé kò sí bíárìn kankan nílẹ̀, àti pé àwọn ará Ìpetumodù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò sọ ni ẹni tó ní kóun pa àmì rẹ́.

Ọ̀gá Solomon wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wúkọ́.

"Àlàájì, èmi ni. Èmi ni mo ní kó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé orí mi kò sí, ó sì dùn mí."

Àlàájì wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí òun mọ́kàndínlógún ti ń wo òun. "Àmì iwin yẹn," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé a lè fi sára àwọn wọ̀nyí?"

Ẹ̀rín gbé Ìbídàpọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gá Solomon náà bú sẹ́rìn-ín, Àlàájì alára wá tẹ̀ lé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé "Subhanallah," ó ń nu ojú.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀gá Solomon tẹ̀ lé Ìbídàpọ̀ dé ìdí kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ẹ bá ti ṣe orí tán, ibo lẹ ń gbé e sí?"

"Ara ẹ̀rọ ni. Ibo ni mo tún máa gbé e sí?"

"Ṣé ó sùn ní sítọ́ọ̀ rí?"

Ọ̀gá Solomon yọjú sí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń yọjú sínú kànga. "Kò sùn níbẹ̀ rí. Ó ń ti ọwọ́ mi bọ́ sára ẹ̀rọ ni."

"Ohun tí àmì yẹn ń sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí yín wà. Kì í kàn sùn ní sítọ́ọ̀ ni."

"Ṣé ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn?" Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Kí ló wá dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni ti iwin níbẹ̀? Fi àmì rẹ sí i, jàre."

Ìbídàpọ̀ fi àmì sí i, ó sì fún orí amọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, "Ère Àlàájì," kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀. Ètò ronú díẹ̀. Orí pòórá lójú kọ̀ǹpútà, àgbá irin oníhò, bíárìn, ìdérí, bóòtì àti nọ́ọ̀tì sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Solomon ń kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló pe Ìyá Ẹniolúwa, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin náà, láti tọrọ ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó ti múra irọ́ kan sílẹ̀ nípa ojú ọ̀nà àti iná mànàmáná. Nígbà tí obìnrin náà wá bi í pé kí ló fà á, òótọ́ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ẹniolúwa rẹ́rìn-ín débi pé fóònù bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, ó ní àwọn gba ọ̀sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ wá wo orí wọ̀nyẹn.

Wọ́n wá lóòótọ́, òun àti àwọn méjì mìíràn. Ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n ti bí Ìyá Ẹniolúwa. Ó fi ìka kan orí kan gbọ̀n-ọ́n, ó tẹ́tí sí i, ó tún kan òmíràn.

"Iná mú un dáadáa," ló wí. "Ẹni tó sun ún mọṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ohun tó ń gbé Àlàájì lọ́kàn nìyẹn. Ó ti san owó iṣẹ́ Ọlátúnbọ̀sún, kò bá a jiyàn. Kò fẹ́ fọ́ wọn, torí kò sí ẹni tó máa fẹ́ mú òòlù kó sì la ojú ara rẹ̀. Kò sì fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní ihò nínú?" ni Ìyá Ẹniolúwa bi Ọlátúnbọ̀sún.

"Gbogbo wọn ni, mà. Bí wọn ò bá ní ihò, iná á là wọ́n."

"Gé òkè wọn kúrò. Kí o wá fá ojú wọn. A ó máa gbin ata àti ẹ̀fínrín sí wọn níwájú ibi ìpàdé wa."

Ojú Ọlátúnbọ̀sún korò. Ó ní iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ìkòkò ata. Ó ní òun lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí imú nìkan. Àlàájì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní imú náà dára, kò sí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó bá òun fá a. Agbẹ́gilére náà mí kanlẹ̀, ó mú ayùn àti fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ gé etí àkọ́kọ́, Ìyá Ẹniolúwa dá a dúró.

"Fi etí sílẹ̀. Òun la ó máa dì mú bí a bá ń gbé e."

Ọjọ́ kejì, Ìbídàpọ̀ àti Ọ̀gá Solomon gbéra lọ sí Ìbàdàn lọ kó bíárìn àti àgbá irin, torí wọn kò lè dúró de ẹni tó máa gbé wọn wá. Ọ̀gá Solomon wo bíárìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i nítòsí etí ara rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ aago, ó kọ mẹ́ta lára wọn, ọlọ́jà náà sì bínú. Wọ́n padà dé nírọ̀lẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì dìde sí i. Kò sẹ́ni tó jiyàn, kò sẹ́ni tó wá irin tì. Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ di bóòtì mú fún wọn títí ìka rẹ̀ fi dúdú. Ọ̀sẹ̀ kan náà kò tíì pé tí ogún ẹ̀rọ fi dúró, tòun ti orí.

Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lọ sí Ìpetumodù, àwọn obìnrin ti bó gbágùúdá jọ bí òkè. Ọ̀gá Solomon ló ṣíná sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó ké, ó tú èéfín dúdú díẹ̀, ó wá mú ohùn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n da gbágùúdá sí i, ẹ̀kúnná funfun sì ń bọ́ sínú abọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ẹniolúwa bu díẹ̀, ó fi ìka méjì pa á, ó mi orí.

"Ó kúnná," ló wí.

Ọ̀gá Solomon fa Ìbídàpọ̀ lọ́wọ́ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ní kó fọwọ́ kan orí náà, kó gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n jẹ́jẹ́. Ìbídàpọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi gbágùúdá ti ta sí bàtà rẹ̀ méjèèjì, kò sì bìkítà.